Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Ẹni Tó Fẹ́ Ra Timeshare

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó kábàámọ̀ timeshare kò kábàámọ̀ ìsinmi tí wọ́n lọ. Yàrá mọ́, òkun wà nítòsí, àwọn ọmọ gbádùn ara wọn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé adùn ìsinmi yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi buwọ́ lùwé, bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ owó ló kún inú rẹ̀: owó tí wọn yóò máa san lọ́dọọdún, wọn ì báà lọ, wọn ì báà má lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé egungun.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: timeshare ni ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pín ilé ìsinmi kan lò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ra ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ nínú ọdún, tàbí kó ra póìǹtì tí yóò máa fi gba yàrá ní oríṣiríṣi ibi. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kó tó wá gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀wádún tó tẹ̀ lé e. Lónìí, orúkọ ńláńlá bíi Marriott, Hilton àti Disney wà nínú òwò yìí. Òwò tó bófin mu ni, ó sì bá àwọn kan lára mu. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ló ń mú kí ọlọ́gbọ́n pàápàá buwọ́ lu ohun tí kò kà.

Jíjókòó sí ìpàdé torí ẹ̀bùn

Ẹ̀bùn ni ìpè náà máa ń bá wá: òru méjì lọ́fẹ̀ẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìgbafẹ́, káàdì tí a fi ń rajà. Wọ́n á ní ìpàdé náà kò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ á mú yín yí ilé náà ká, á bi yín ní iye tí ẹ ń ná sórí ìsinmi lọ́dún, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú yín. Bí ẹ bá ní ẹ ò rà, ẹnì kejì tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá á wọlé dé pẹ̀lú iye tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tún kọ̀, ẹnì kẹta á gbé ètò kékeré kan wá, ti ọdún kan tàbí méjì, pé kí ẹ kàn fi tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: òní nìkan ni iye yìí wà.

Iye tó lè já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí méjì kì í ṣe iye tí ọjà náà tó. Àṣìṣe ńlá ni kí a máa kánjú torí pé ó ń já. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àdéhùn náà lódindi kí ẹ lọ kà á nílé. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Èmi kò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi pè é. Àmọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún yín láti sọ “rárá” fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí yín, tó sì bu omi fún yín mu, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn náà lọ. Tọkọtaya tó bá fẹ́ lọ sì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò kí wọ́n tó wọlé, torí àwọn tó ń tà á mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó kọ́kọ́ rọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Kíka iye ìrà nìkan

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó kọ́ ilé náà lé ní 20,000 dọ́là ní ìpíndọ́gba. Owó ìtọ́jú ilé náà tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún lé ní 1,000 dọ́là. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á gbà láti yá yín lówó, èlé owó wọn sì máa ń ga ju ti ẹni tó yáwó fi ra ilé gbígbé lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ yá 20,000 dọ́là, èlé jẹ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ẹ ó sì fi ọdún mẹ́wàá san án. Nǹkan bíi 323 dọ́là ni ẹ ó máa san lóṣù. Nígbà tí ẹ bá san án tán, ó ti di nǹkan bíi 38,700 dọ́là. Owó ìtọ́jú wá ńkọ́? Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1,200 dọ́là, tó sì ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún, ọdún mẹ́wàá yẹn á gba nǹkan bíi 15,100 dọ́là míì. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó ń lọ sí 53,800 dọ́là fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré, ìyẹn àádọ́rin òru. Òru kan á wá máa jẹ́ nǹkan bíi 770 dọ́là. Owó ọkọ̀ òfuurufú àti oúnjẹ kò tíì wọ̀ ọ́.

Àwọn tó ń tà á á sọ pé ọdún mẹ́wàá kéré jù, pé ẹ ó máa lò ó títí ayé yín, tí gbèsè bá sì tán, ọ̀fẹ́ ló kù. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nínú àpẹẹrẹ yìí kan náà, nígbà tó bá fi di ọdún ogún, owó ìtọ́jú ọdún kan yẹn nìkan á ti lé ní 3,000 dọ́là. Ẹ kò sì ní agbára kankan lórí bó ṣe ń ga. Tí ìjì líle bá ṣí òrùlé, tàbí tí ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́ tí owó tó wà nílẹ̀ kò sì ká a, wọ́n lè pín ìnáwó náà lé gbogbo onípìn-ín lórí, lọ́tọ̀ sí owó ìtọ́jú ọdún yẹn. Kí ẹ tó ronú nípa rírà, ẹ béèrè iye tí owó ìtọ́jú jẹ́ ní ọdọọdún láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àti ìgbà mélòó ni wọ́n ti gba owó àfikún irú èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo iye tí yàrá ń lọ nínú ilé ìsinmi yẹn gan-an, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ onípìn-ín tí kò lè lọ lọ́dún kan máa ń fi ọ̀sẹ̀ wọn yáni kí wọ́n lè rí owó ìtọ́jú san. Ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ irú wọn á sun inú ibùsùn kan náà láìjẹ gbèsè, bí kò bá sì fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí i.

Kíkà á sí dúkìá

“Ẹ ti ń fowó ṣòfò sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wá ra tiyín.” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọni lára, pàápàá ẹni tó bá gbàgbọ́ pé ilé kì í já sásán. Ṣùgbọ́n nínú iye tí ilé iṣẹ́ ń pè é, apá ńlá ni owó ìpolówó, ẹ̀bùn àti owó àwọn tó ń tà á. Ẹni tó bá ra tiyín lọ́la kò ní san ìyẹn. Lórí eBay, àwọn èèyàn ń gbé timeshare wọn síta ní dọ́là kan, kí ẹlòmíì sáà lè bá wọn gba owó ìtọ́jú kúrò lọ́rùn. Ti Disney máa ń di iye rẹ̀ mú ju ti ọ̀pọ̀ lọ, síbẹ̀ òun náà ní ọjọ́ ìparí: ìwé àdéhùn púpọ̀ nínú àwọn ilé wọn àkọ́kọ́ á parí ní ọdún 2042.

Nítorí náà, ẹni tó bá pinnu pé òun á rà á ṣì ń ṣe àṣìṣe bó bá rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ láìkọ́kọ́ wo ọjà àlòkù. Kí ó kàn rántí béèrè nǹkan méjì: ṣé owó ìtọ́jú wà tí ẹni tó ń tà á kò tíì san, àti pé àwọn àǹfààní wo ni ilé iṣẹ́ yóò fi du ẹni tó ra àlòkù? Àwọn kan kì í jẹ́ kí irú póìǹtì bẹ́ẹ̀ wọ gbogbo ilé wọn.

Gbígba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́

“Ibikíbi lágbàáyé lẹ lè fi lọ.” Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ wà, tí ẹ lè tipasẹ̀ wọn fi ọ̀sẹ̀ yín gba ọ̀sẹ̀ ẹlòmíì níbòmíì. RCI ti wà láti 1974, Interval International láti 1976. Àmọ́ ẹ ó sanwó ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ó tún sanwó nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣe pàṣípààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ kò sì lè gba ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń wá. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi ni ìjàkadì rẹ̀ máa ń le jù. Ẹ̀yin ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀, kó wá yàrá fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí nínú ìsinmi àwọn ọmọ yín. Ohun tí ẹ bá rí lójú ẹ̀rọ yẹn á yé yín ju gbogbo àwòrán tó wà lára ògiri lọ.

Bí wọ́n bá tún sọ pé ilé iṣẹ́ á rà á padà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ìwé yẹn ló ní gbólóhùn kan tó sọ pé ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ tí kò sí nínú ìwé kò múni. Ẹ wá gbólóhùn náà.

Kí a má béèrè ọjọ́ tí yóò parí

Àwọn àdéhùn kan kò lópin. Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́, ẹ ó ṣì máa san, bí ẹ bá sì kú, ó lè kan àwọn ọmọ bí ogún. Àwọn ọmọ lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ ní ìlànà òfin láàárín àkókò tí òfin fi sílẹ̀, kí wọ́n má sì tíì lò ó. Ní Sípéènì, òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 fi ọdún 50 ṣe gbèdéke, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ sì dájọ́ ní ọdún 2015 pé àdéhùn aláìlópin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òfin yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀.

Ta ni ó wá yẹ fún? Ẹni tó ti ń lọ sí agbègbè kan náà lọ́dọọdún kó tó gbọ́ orúkọ timeshare rí, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kó mọ ọjọ́ ìsinmi ní ọdún kan ṣáájú, tí kò ní yáwó, tó sì rí àlòkù tí àdéhùn rẹ̀ ní òpin. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi á ní kó máa yá yàrá lò.

Jíjẹ́ kí ọjọ́ ìfagilé kọjá

Ẹni tó ti buwọ́ lù ú lánàá ṣì lè bọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ni òfin fún yín láti yí ọkàn padà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín láàárín ọjọ́ yẹn. Ní Florida ó jẹ́ ọjọ́ 10, ní California ọjọ́ 7, ní Nevada ọjọ́ 5. Mẹ́síkò fúnni ní ọjọ́ iṣẹ́ 5. Àwọn tó ń pàdánù àǹfààní yìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń fi fóònù pe ẹni tó tà á fún wọn, tí ìyẹn sì ń ní kí wọ́n dúró de ọ̀gá. Ẹ má dúró. Ẹ kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì tí ìwé àdéhùn sọ, ní ọ̀nà tó ní kí ẹ gbà fi ránṣẹ́, ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ kò nílò láti ṣàlàyé ìdí kankan.

Sísan owó fún ẹni tó ní òun á yọ yín

Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, àṣìṣe tó kù ló lè mú ìnira tuntun bá ti àtijọ́. Fóònù á dún: ẹnì kan ti rí oníbàárà fún timeshare yín, owó orí àti owó ìwé nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Ẹ san án, owó míì á tún jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de àwọn èèyàn àti ilé iṣẹ́ ní agbègbè Puerto Vallarta ní Mẹ́síkò tí wọ́n ní wọ́n ń fi irú jìbìtì yìí pa owó fún ẹgbẹ́ oníṣòwò oògùn olóró kan. Oníbàárà tòótọ́ kì í ní kí ẹni tó ń tajà kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ sí òun.

Ilé iṣẹ́ tó ni ilé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ètò gbígbà á padà. Púpọ̀ nínú wọn ní in báyìí, bí ẹ kò bá ti jẹ gbèsè lórí rẹ̀ mọ́ tí owó ìtọ́jú ọdún yẹn sì ti wọlé. Wọn kì í sábà fúnni lówó kankan padà. Bí wọ́n bá kọ̀, agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibi tí ilé náà wà ló kàn, ẹni tí ẹ lè yẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.