Bí ẹ ṣe lè mú ajá gun Ben Nevis lójúmọ́ kan

Ajá kì í sọ fún olówó rẹ̀ pé ó ti rẹ òun. Bí ẹ bá ṣì ń lọ, yóò máa tẹ̀ lé yín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa wo ara rẹ̀, pàápàá lórí Ben Nevis lẹ́bàá Fort William ní Scotland, òkè tó ga jù ní Britain, mítà 1,345. Ọ̀nà Glen Nevis la ń sọ. Àlọ àtàbọ̀ tó kìlómítà 17, wákàtí 7 sí 9. Ẹ gbéra kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù.

Ajá ńlá tí kò tíì pé ọdún kan àbọ̀, ẹ fi sílé, egungun rẹ̀ kò tíì gbó. Ajá onímú pẹlẹbẹ bíi bulldog àti pug náà kọ́: mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń mú ara tutù, imú tiwọn kò sì gba afẹ́fẹ́ tó. Èyí tó kù, ẹ ti máa mú un gun òkè kéékèèké láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè le.

Fún ajá kìlógíráàmù 20, ẹ gbé omi lítà méjì, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, báńdéèjì, bàtà ajá mẹ́rin, aṣọ òtútù rẹ̀ àti ọ̀rá tí ẹ ó fi kó ìgbẹ́ rẹ̀. Okùn mítà méjì ti tó. Ẹ so ó mọ́ ìgbàyà (bẹ́líìtì tí a ń dè mọ́ àyà ajá) tó ní ibi ìdìmú lẹ́yìn, ẹ má so ó mọ́ ọrùn. Ibi ìdìmú yẹn lẹ ó fi gbé e níbi tí òkúta bá ga. Tí ẹ kò bá lè dá ajá yín gbé, ẹ má dá lọ, ẹ mú aṣọ tí èèyàn méjì lè fi gbé e dání. Ẹ fún un lóúnjẹ wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó gbéra, nítorí ajá tó yó bámúbámú tó sì ń fò, ikùn rẹ̀ lè wú kó sì lọ́ pọ̀, ìyẹn sì ń pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀.

Àgùntàn wà nísàlẹ̀, ẹyẹ sì máa ń sàba sórí ilẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, nítorí náà, ẹ má tú okùn. Ní ibi tó ga tó bíi mítà 570 lẹ ó kan adágún Lochan Meall an t-Suidhe, lẹ́yìn náà odò kékeré Red Burn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé omi kankan lókè ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu, ẹ sì jókòó ìṣẹ́jú 15.

Ibẹ̀ náà lẹ ó ti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò ya ọmọ ìka rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí awọ bá ti bó tó sì pọ́n bí ẹran tútù, tàbí tí ó ń fa ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín, ẹ yí padà. Òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú ló kù lókè, àti pé ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ jù: gbogbo ìwúwo ara á bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú. Nígbà tí ajá bá wà ní ìdúró ni kí ẹ wọn bàtà fún un, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fẹ̀ nígbà náà.

Bí itọ́ rẹ̀ bá ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ooru ló mú un: ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ. Tó bá ń gbọ̀n tó wá dẹ́kun gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ yá, òtútù ti wọ̀ ọ́. Ẹ wé e, kẹ́ ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀.

Orí òkè lè fi bíi dígírì 9 tutù ju Fort William lọ, yìnyín sì lè wà níbẹ̀ di oṣù kẹfà. Níhà àríwá, yìnyín máa ń nà jáde kọjá etí ọ̀gbun, tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ajá tó bá sáré débẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ ká okùn kúrú. Bí kùrukùru bá bò yín, kí ẹ lè sọ̀kalẹ̀ láìbọ́ sínú ọ̀gbun, láti ìdí òpó ìwọnlẹ̀ tó wà lókè pátápátá, ẹ fi kọ́ńpáàsì rìn mítà 150 sí ìhà dígírì 231 orí máàpù, lẹ́yìn náà ẹ kọjú sí 282. Ẹni tí kò mọ kọ́ńpáàsì lò kó má gòkè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe èèyàn, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sọ pé Mountain Rescue (àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè) lẹ ń wá.

Bí ẹ bá ti padà délé, ẹ wá eégbọn ní etí, abíyá àti àárín ìka rẹ̀. Ohun èlò oníkọ́ lẹ ó fi yí i jáde. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i bí a ṣe ń ṣe nílé: ó lè mú kí eégbọn pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bó bá ṣì ń tiro lọ́jọ́ kejì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.