Bí A Ṣe Ń To Àwòrán Kí Ó Lè Darí Ojú Òǹwòran

Kí ayàwòrán tó po ọ̀dà rárá, ó yẹ kí ó ti pinnu ibi kan ṣoṣo tí ó fẹ́ kí ojú òǹwòran kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a fi àwòrán kan ṣe àpẹẹrẹ: obìnrin kan ní ilẹ̀ Bùnú, lápá Kàbà, jókòó ti òfì olóòró, ó ń hun aṣọ pupa, ògiri amọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkè àpáta sì hàn lókèèrè. Ọwọ́ ahunṣọ yìí ni a yàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán náà ní kékeré, kí ó má tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ẹ sì tò ó ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má ya ìka tàbí ẹyinjú. Ibi tí ó mọ́lẹ̀, ibi tí ó dúdú àti ibi tí ó wà láàárín méjèèjì nìkan ni kí ẹ fi hàn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti pàdé gan-an ni ojú máa ń sáré lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oòrùn tàn sí ọwọ́ náà, kí òjìji sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fún ojú pọ̀ wo àwòrán kékeré yìí tí ọwọ́ kò sì yọ, ẹ tún un tò, nítorí pé ọ̀dà olówó ńlá kò lè gbà á là.

Ní ti ibi tí ọwọ́ yóò wà, ẹ pín ìbú àti òòró kánfáàsì sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e sí ọ̀kan nínú oríta mẹ́rin tí àwọn ìlà náà ti pàdé. Ìlànà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe òfin. Nígbà tí Leonardo da Vinci ń ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sára ògiri ní ìlú Milan, láàárín nǹkan bí 1495 sí 1498, àárín gbùngbùn ni ó fi Jésù sí. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn ìlà àjà àti ti ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì forí kọ orí Jésù, fèrèsé tó mọ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlà ló kàn. Àwọn fọ́nrán òwú tó nà lóòró lè gbé ojú gba òkè jáde kúrò nínú àwòrán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí igi òfì tó dábùú hàn lókè láti dá a padà. Kí ọ̀nà ẹsẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ lápá òsì, kí ó sì yà sọ́dọ̀ obìnrin náà, ṣùgbọ́n kí ó má bẹ̀rẹ̀ ní igun gan-an.

Síbẹ̀, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìlà jù. Alfred Yarbus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, ṣe àkọsílẹ̀ bí ẹyinjú àwọn ènìyàn ṣe ń rìn lórí àwòrán kan tí Ilya Repin yà. Fífò ni ẹyinjú ń fò láti ibì kan sí òmíràn, orí ojú àwọn tó wà nínú àwòrán ni ó ń pẹ́ sí jù, ìbéèrè tí a bá sì bi òǹwòran a máa yí ipa ọ̀nà náà padà. Èyí fi hàn pé ojú ahunṣọ wa yóò bá ọwọ́ rẹ̀ du ipò. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi òjìji bò ó díẹ̀, kí ó sì máa wo ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí pé ibi tí ẹlòmíràn ń wò ni àwa náà máa ń fẹ́ wò.

Nígbà tí ó bá kan àwọ̀, pupa aṣọ náà kò ní lágbára bí ògiri amọ̀ bá pupa tó o. Ẹ po ọ̀dà aláwọ̀ ewé díẹ̀ mọ́ ọ̀dà ògiri kí ó lè ṣá, kí ẹ sì fi pupa kékeré kan, bóyá òwú tó wà nílẹ̀, ṣe ibùsọ̀ kejì fún ojú. Etí ọwọ́ ni kí ó mú ṣinṣin. Etí òkè àpáta lè rọ̀.

Níkẹyìn, ẹ wo iṣẹ́ náà nínú dígí, kí ẹ sì bi ẹni tí kò mọ èrò yín léèrè ohun tí ó kọ́kọ́ rí. Bí ó bá ní òkè àpáta ni, ẹ má tún fi ìmọ́lẹ̀ kún ọwọ́. Òkè ni kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.