Bí mo ṣe ka káàdì 26 tí n kò rí: 3NT kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́ta

Ẹni tó mọ ayò ọlọ́pọ́n ta kì í kàn ń wo ojú ọpọ́n, ó ń ka ọmọ ni. Ọmọ ayò 48 nínú ojúlé 12, gbogbo rẹ̀ ló wà ní gbangba. Ti bíríìjì, eré káàdì ẹni mẹ́rin, méjì sí méjì, yàtọ̀. Káàdì 52 ni, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá sì ṣí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, 26 ṣì wà tí o kò rí. Àwọn 26 yẹn ni iṣẹ́ wà lára wọn.

Kò rọrùn láti rí èèyàn mẹ́ta míì tó mọ eré yìí ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tó bá wuni, nítorí náà kọ̀ǹpútà ni mo fi dí àyè wọn. Ètò tí mo lò wà lórí fóònù, kò nílò dátà lẹ́yìn tí mo ti gbà á sílẹ̀ tán, ó sì máa ń dúró dè mí kí n ṣírò. Ìwé àti bírò ni mo fi kún un.

Ọwọ́ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyí. Gúúsù ni mo jókòó (A ni Éèsì, K ni Kíǹgì, Q ni Kúíìnì, J ni Jáàkì, bí wọ́n ṣe ga sí nìyẹn):

sípéèdì A 7 5, háàtì K Q 4, dáyámọ́ǹdì Q 6 2, kílọ́ọ̀bù A Q 5 4.

Ti Àríwá, ẹnìkejì mi, tí wọ́n ṣí sílẹ̀, tí èmi náà ló sì ń ta á:

sípéèdì 6 4 2, háàtì A 9 3, dáyámọ́ǹdì A K 8 4, kílọ́ọ̀bù 9 7 3.

Mo pe 1NT, Àríwá gbé e lọ sí 3NT, àwọn alátakò, Ìwọ̀-oòrùn àti Ìlà-oòrùn, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀yà káàdì tó borí ìyókù (NT nìyẹn), mo sì gbọ́dọ̀ jẹ ìgbà 9 nínú 13. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́rin á ju káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ní ẹ̀yà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú, èyí tó ga jù nínú ẹ̀yà yẹn ló ń jẹ. Ìwọ̀-oòrùn fi Kíǹgì sípéèdì bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan káàdì kankan, mo ka èyí tó dájú: sípéèdì 1, háàtì 3, dáyámọ́ǹdì 3, kílọ́ọ̀bù 1. Mẹ́jọ ni, ó ku ẹyọ kan. Ibi méjì ni ẹyọ náà ti lè wá. Bí dáyámọ́ǹdì mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ wọn bá pín ní 3-3, 8 tó wà ní Àríwá á di ọ̀gá. Bí Kíǹgì kílọ́ọ̀bù bá sì wà lọ́wọ́ Ìlà-oòrùn, tí mo bá ju kílọ́ọ̀bù láti Àríwá wá bá Kúíìnì mi, Kúíìnì náà á jẹ.

Káàdì mẹ́fà máa ń pín ní 3-3 ní 35.5% péré. 4-2 ni 48.5%, 5-1 ni 14.5%, 6-0 kò sì ju 1.5% lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé 3-3 ló wọ́pọ̀ jù nítorí pé ó dà bí ìpín òtítọ́. Káàdì márùn-ún ló ń pín bó ṣe wuni: 3-2 ní 67.8%. Ti Kíǹgì kílọ́ọ̀bù, 50% ni, tìhín tàbí tọ̀hún.

Bí èèyàn bá wo 35.5 àti 50, ó lè sáré lọ síbi 50. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù eré yìí. Bí mo bá kọ́kọ́ dán Kúíìnì wò tí Kíǹgì wà lọ́wọ́ Ìwọ̀-oòrùn, yóò gba Kíǹgì, yóò kó sípéèdì mẹ́rin, márùn-ún ti pé, mo ti kú. Àmọ́ bí mo bá dán dáyámọ́ǹdì wò tí kò pín, ẹ̀mí mi ṣì wà, mo ṣì lè lọ bá kílọ́ọ̀bù. Èyí tí ìkùnà rẹ̀ kò pani la kọ́kọ́ ń dán wò. Ìṣirò rẹ̀: 35.5, pẹ̀lú ìdajì 64.5 tó kù, ó di 67.8%. Èmi kan náà, káàdì kan náà, bí mo ṣe tò ó ló fi 18 kún un.

Mi ò kánjú lo Éèsì sípéèdì. Mo ju 5 sí Kíǹgì rẹ̀, mo ju 7 sí Kúíìnì rẹ̀, ìgbà tó ju Jáàkì ni mo tó gbà á. Kò ná mi ní ohunkóhun: bí kílọ́ọ̀bù bá kùnà, márùn-ún náà ni wọ́n máa jẹ bí mo bá tètè gbà á tàbí mo pẹ́. Ohun tí mo fi rà ni ìròyìn. Ní ìgbà kẹta, Ìlà-oòrùn kò ní sípéèdì mọ́, háàtì ló jù. Sípéèdì méje ló wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà Ìwọ̀-oòrùn ló ní 5, Ìlà-oòrùn 2.

Àyè ni mo wá ń kà báyìí. Ìwọ̀-oòrùn ní àyè 8 fún káàdì tí n kò mọ̀ (13 yọ 5), Ìlà-oòrùn ní 11. Ẹni tí àyè rẹ̀ pọ̀ ni káàdì kan pàtó ṣeé ṣe jù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀: Kíǹgì kílọ́ọ̀bù wà lọ́dọ̀ Ìlà-oòrùn ní 11 nínú 19, ìyẹn 57.9%. Dáyámọ́ǹdì 3-3 rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí 34.1%, àmọ́ àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ gòkè sí 71%. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kó ra páálí káàdì kan lọ́jà Kútọ̀, kó to ọwọ́ méjèèjì yìí kalẹ̀, kó fún Ìwọ̀-oòrùn ní sípéèdì 5 àti Ìlà-oòrùn ní 2, kó wá da 19 tó kù pọ̀ kó pín in léraléra. Ojú ara rẹ̀ yóò rí i.

Dáyámọ́ǹdì kàn. Kúíìnì láti ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ jù, lẹ́yìn náà A àti K ní Àríwá. Bí èèyàn bá fi Kúíìnì parí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló há sí, ó di dandan kó ná Éèsì háàtì láti padà sí Àríwá. Ní ìgbà kẹta, Ìwọ̀-oòrùn ju háàtì. Kò pín: 2 lọ́dọ̀ rẹ̀, 4 lọ́dọ̀ Ìlà-oòrùn.

Mo tún kà. Ìwọ̀-oòrùn: 13 yọ 5 yọ 2, ó ku 6. Ìlà-oòrùn: 13 yọ 2 yọ 4, ó ku 7. Kíǹgì wà lọ́dọ̀ Ìlà-oòrùn ní 7 nínú 13, 53.8%. Ká ní Ìwọ̀-oòrùn ló ní dáyámọ́ǹdì mẹ́rin ni, ì bá jẹ́ 9 nínú 13, 69%. Háàtì tí wọ́n ti jù dànù kò yí ìṣirò yìí padà, nítorí àwọn fúnra wọn ló yan èyí tí wọ́n jù. Ẹ̀yà tí mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán nìkan ni mo ń yọ.

Èrè kékeré kan ṣì wà níbẹ̀. Dípò kí n ju Kúíìnì sí kílọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, Éèsì ni mo kọ́kọ́ jẹ, bóyá Kíǹgì dá wà lọ́wọ́ Ìwọ̀-oòrùn kó já bọ́. 1.2% ni, kò pọ̀, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni. Mo gba Éèsì háàtì padà sí Àríwá, mo ju 7 kílọ́ọ̀bù. Ìlà-oòrùn ju 6, mo ju Kúíìnì, ó jẹ. Háàtì méjì tó kù sọ ọ́ di 9. Bí Ìlà-oòrùn bá tiẹ̀ gbé Kíǹgì síwájú, Kúíìnì mi di ọ̀gá, dáyámọ́ǹdì kan péré ló sì ní láti kó, mẹ́rin lápapọ̀. Ká ní sípéèdì kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi gbé eré fún Ìwọ̀-oòrùn ni, ì bá pé márùn-ún, mi ò sì ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan Éèsì kílọ́ọ̀bù yẹn.

Ìwà kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Irú ètò báyìí máa ń pín káàdì tó pamọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ní inú rẹ̀, lọ́nà tó bá ohun tí wọ́n pè mu, á wá wo káàdì wo ló ń jèrè jù bí ẹni pé gbogbo ọwọ́ ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni GIB, tí Matthew Ginsberg ṣe ní Amẹ́ríkà, tó gba ife ẹ̀yẹ bíríìjì kọ̀ǹpútà àgbáyé ní 1998, ṣe ń ronú. Ó gbà pé mo rí gbogbo nǹkan, nítorí náà káàdì kékeré tó ń jù kì í sábà ní ìtumọ̀. Mi ò ń ka ìyẹn sí àmì. Ohun tí mo ń kà ni ohun tó pè, àti ohun tí kò pè: K Q J 10 9 sípéèdì pẹ̀lú Kíǹgì kílọ́ọ̀bù jẹ́ máàkì 9 (K jẹ́ 3, Q jẹ́ 2, J jẹ́ 1), tó lè mú ètò sọ̀rọ̀ lórí 1NT. Dídákẹ́ tó dákẹ́ fi díẹ̀ kún 53.8 mi.

Ibi tí ìṣirò inú ìwé ti lè ṣini lọ́nà ni Q àti J. Ká ní nínú ẹ̀yà kan, mo ní A K 10 5 2, Àríwá ní 9 7 4 3. Q J 8 6 ló wà níta. Mo ju Éèsì, Ìwọ̀-oòrùn ju Q. Q nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 6.2%, QJ jẹ́ 6.8%. Àmọ́ ẹni tó ní QJ lè ju èyíkéyìí, nítorí náà ìdajì, 3.4, la ó kà. 6.2 sí 3.4: kí n fi 10 gbìyànjú ní ìgbà kejì, bí ẹni pé J wà lọ́wọ́ Ìlà-oòrùn, ló dára, ní 65%. Ṣùgbọ́n bí ètò kan bá máa ń ju J nígbà gbogbo tó bá ní QJ, Q tó já bọ́ dá wà ni, ó dájú. Bí J ló bá já bọ́, ó di 6.8 sí 6.2, kí n ju Kíǹgì ló sàn.

Ètò sábà máa ń fi gbogbo ọwọ́ hàn lẹ́yìn eré. Mo ń wá ibi tí alátakò ti ní QJ nìkan, mo ń kọ èyí tó kọ́kọ́ jù sínú ìwé. Bó bá ju J nígbà mẹ́wàá tẹ̀léra, kì í ṣe kòńgẹ́ mọ́: ẹni tó ń yàn bí ẹni ta owó ẹyọ sókè á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024. Tí wọ́n bá sì ṣe àtúnṣe sí ètò náà, ojú ìwé tuntun ni mo ń ṣí, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.