Ẹ tú àpò lẹ́ńsì yín kí ẹ tó pààrọ̀ kámẹ́rà

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń gbèrò láti bọ́ sí full-frame (kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú rẹ̀, tóbi tó 36 × 24 mm), ẹ má tíì wo bọ́dì, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ láìsí lẹ́ńsì, rárá. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn lẹ́ńsì yín sílẹ̀, kí ẹ ṣà wọ́n. Èyí tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, ẹ ó rí DX lára ti Nikon, EF-S tàbí RF-S lára ti Canon. Irú wọn kì í bo sẹ́ńsọ̀ 36 × 24 mm tán. Ẹ fi DX sórí Nikon full-frame oní-megapixel 24, nǹkan bíi 10 péré ló máa ṣẹ́ kù. Kí lẹ wá náwó lé lórí?

Tó bá jẹ́ irú yẹn ló kún ọwọ́ yín, kò sí ohun tó dè yín mọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó ń lo Fujifilm X kò tiẹ̀ ní yíyàn, wọn kì í ṣe full-frame. Àmọ́ tí ẹ bá ti ní lẹ́ńsì full-frame gidi méjì mẹ́ta, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ádápítọ̀ Canon, ohun tí a fi ń so lẹ́ńsì EF àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà RF tuntun, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. FTZ, ádápítọ̀ ti Nikon fún kámẹ́rà Z, kò ní mọ́tò, nítorí náà ọwọ́ lẹ ó máa fi fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì AF-D àtijọ́, tí kò ní mọ́tò tirẹ̀.

Fíláàṣì àti bátìrì? Tí ẹ bá pààrọ̀ ilé iṣẹ́, ẹ gbàgbé wọn, ẹ ó ra òmíràn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo pààrọ̀ ilé iṣẹ́ ni ti ọwọ́. Òrùka súùmù Nikon àti Canon, òdìkejì ara wọn ni wọ́n ń yí sí. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbàgbé ti àtijọ́. Mo fẹ́ sún mọ́ ojú ìyàwó, òrùlé ni mo ń rí. Ẹ yá kámẹ́rà tí ẹ fẹ́ rà lò fún odidi iṣẹ́ kan ná.