Bí Búùtù Ọkọ̀ Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí: Ẹ Tọ Ipa Iná Kí Ẹ Tó Ra Ohunkóhun

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kó ẹrù oko wọ Òṣogbo láti ọ̀nà Ìkirun tàbí Ẹdẹ, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń lo ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó jẹ́ pé bọ́tìnì ni wọ́n fi ń ṣí búùtù rẹ̀. Ata rodo tó há sínú búùtù lọ́sàn-án gangan ní Ọjà Ọba kò ní dúró de réwáyà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹrù là.

Bí ihò kọ́kọ́rọ́ bá wà lára búùtù, ẹ lò ó. Kọ́kọ́rọ́ kò nílò iná. Bí kò bá sí, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ṣeé dà síwájú. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní ohun kan tó ń tàn nínú òkùnkùn, lẹ́yìn ìdérí búùtù nínú lọ́hùn-ún. Òfin ibẹ̀ ló fi dandan lé e, kí ẹni tó bá há síbẹ̀ lè fà á, kó sì jáde. Ẹ na ọwọ́ tàbí igi gba àlàfo ìjókòó, ẹ fà á. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín náà lónìí.

Ó wá ku àìsàn fúnra rẹ̀. Iná kúrò nínú bátìrì, ó gba fíúsì, ó dé bọ́tìnì. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, bọ́tìnì ló ń jí rìléè, ìyẹn súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń tì. Iná á wá gba wáyà gígùn lọ sẹ́yìn, á wọ ẹ̀rọ kékeré tó ń fa ìkọ́ búùtù, á sì gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Ibi tí ọ̀nà yìí bá ti já là ń wá.

Kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì, kí ẹnìkejì fi etí sí búùtù. Bí ó bá dún "kà!" gbọnmọ tí kò ṣí, iná ti débẹ̀. Àpò gàrí lè ti ìdérí sókè títí ìkọ́ á fi há. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnì. Bí ó bá dún wẹ́rẹ́, ẹ fi mítà wo bátìrì: tó bá kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, ó yẹ kó tó fólítì 12.6. Bí kò bá dún rárá, ẹ rí i pé jíà wà ní P, kí ẹ sì wo inú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù: súìṣì kékeré tó ń ti búùtù pa wà níbẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni fíúsì. Pupa ni áḿpíà 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20. Nọ́ńbà tí ẹ bá yọ ni kí ẹ dá padà. Mo bẹ yín, ẹ má fi wáyà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dí i. Fíúsì tó tún jó sábà máa ń sọ pé wáyà kan ti bó, ó ń kan ara ọkọ̀. Bí fíúsì kò bá rí ọ̀nà jó mọ́, wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni yóò jó, àwọn ọmọ yín á sì jókòó lórí rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù ni ibi tí ìdérí búùtù ti ń ká. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ bá tì í, wáyà ibẹ̀ ń ká, ó ń nà. Ọkọ̀ tèmi kọ̀ bẹ́ẹ̀. Réwáyà kan gba owó ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ mi, ó fi í sí i, búùtù kò mì. Nígbà tí mo fa rọ́bà dúdú tó bo wáyà sẹ́yìn fúnra mi, méjì ti bó, ìkẹta já pátápátá, bàbà rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀rí tó wà níta ni pé wáyà gílóòbù nọ́ńbà ọkọ̀ sábà máa ń bá wọn rìn nínú rọ́bà kan náà. Bó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ ń gbé ìdérí sókè, ẹ ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ẹ gé ibi tó ti le kúrò, ẹ fi wáyà rírọ̀ tó gùn díẹ̀ sí i rọ́pò, ẹ fi òjé jó oríkèé rẹ̀, kí oríkèé náà má sì bọ́ sí ibi tó ń ká. Lílọ́ lásán pẹ̀lú téèpù kì í pẹ́ tú.

Bí wáyà ibẹ̀ bá pé, ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù padà, ẹ fi gílóòbù ọkọ̀ alẹ́sẹ̀ wáyà méjì kan ojú wáyà méjèèjì tó wọ ẹ̀rọ náà, kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì. Bó bá tàn, ẹ̀rọ ló kú. Bí kò bá tàn, ẹ gbé ẹsẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù lọ sí ara irin tó mọ́. Bó bá tàn báyìí, ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ ara ọkọ̀ ló ti dípẹtà. Omi ẹ̀gẹ́ tó ń kán nínú búùtù ló ń ṣe èyí jù fún ẹ̀yin àgbẹ̀, nítorí ó kan, ó sì ń jẹ irin. Ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán, ẹ fi gírísì bò ó, kí ẹ sì máa tẹ́ tapólì sábẹ́ ẹrù.

Tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ ṣí búùtù, ẹ tì í, nígbà mẹ́wàá kí ẹ tó di ẹrù padà, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ máa wo gílóòbù nọ́ńbà.