Bí mo ṣe bá àbúrò mi ra orúkọ dómẹ́ènì láì jẹ́ kó ta sétí ẹnikẹ́ni

Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́ níbí, ní kí n bá òun ra dómẹ́ènì .com, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn máa tẹ̀ láti dé sáìtì ẹ̀. Mo ní kó má tẹ orúkọ tó mú síbì kankan o, kódà kó má fi wá nǹkan lórí Google. Ó ní "Bọ̀dá mi, ṣé orúkọ lásán lẹ ń fi pamọ́ báyìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ sórí sáìtì àwọn tó ń ta dómẹ́ènì láti wò ó bóyá ó ṣì wà, ẹ ti fi ohun tó wù yín han ọlọ́jà, ẹ ò sì tíì sanwó. Lóṣù January 2008, Network Solutions ní Amẹ́ríkà ń di orúkọ téèyàn bá wá lórí sáìtì wọn mú fún ọjọ́ 4, ọ̀dọ̀ wọn nìkan lẹ ti lè rà á. Wọ́n ní àwọn ń dáàbò bo oníbàárà ni, èmi ò gbà. Ohun tó fún wọn láyè ni pé wọ́n lè dá dómẹ́ènì padà láàárín ọjọ́ 5 kí wọ́n gbowó wọn, àfìgbà tí ICANN, àjọ tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ dómẹ́ènì, dín iye tí wọ́n lè dá padà bẹ́ẹ̀ kù ní 2009.

Owó la kọ́kọ́ wá, ó ti wà nínú káàdì ká tó yẹ nǹkan kan wò. Mo wá pa search suggestions, ìyẹn àbá ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde téèyàn bá ń tẹ nǹkan, nínú bùráwúsà, torí bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ránṣẹ́ lọ. Ẹ má sì tẹ orúkọ náà nìkan kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣí, àwọn tẹ́ ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn lè rí i. Ọ̀dọ̀ Verisign tó ń tọ́jú ìwé .com ni mo lọ tààrà: rdap.verisign.com/com/v1/domain/, mo wá fi orúkọ náà àti .com sídìí ẹ̀. Tó bá ti lólówó, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ló máa jáde, títí kan ọjọ́ tí wọ́n rà á. Tí ò bá ní, 404 ló máa jáde, ìyẹn ni pé wọn ò rí i nínú ìwé wọn. Verisign náà á rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í tajà fún èèyàn bíi tiwa.

404 ló jáde, ojú ẹsẹ̀ la lọ rà á. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pé privacy, ohun tó ń fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó rà á pamọ́, wà lórí ẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù ọmọ ọlọ́mọ má lọ wà níta. Ìméèlì wọlé, mo ní kó tẹ líǹkì inú ẹ̀ lójú mi láti fi hàn pé òun ló ni ìméèlì náà, torí tí ọjọ́ 15 bá kọjá tí ò ṣe é, wọ́n lè dá dómẹ́ènì náà dúró.