Màlúù ni tàbí ewúrẹ́? Ìdáhùn fún àwọn tó ń fún wàrà nílé

Ìbéèrè: Mo ra ewúrẹ́ kí ilé lè máa rí wàrà mu, kò ní wàrà rárá.

Ìdáhùn: Ṣé ó ti bímọ? Ẹran tí kò tíì bí kì í ní wàrà. Oyún ewúrẹ́ tó oṣù 5, ti màlúù tó oṣù 9. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ìbéèrè: Ó ń ké tọ̀sán tòru.

Ìdáhùn: Òun nìkan ló wà. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ dá gbé. Ẹ ra méjì.

Ìbéèrè: Wàrà màlúù wa pọ̀ jù, ó ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò nìyẹn, kí ẹ tó wo ẹwà ẹran. Màlúù tí wọ́n ń sìn fún wàrà lè mú lítà 20 wá lójúmọ́. Ewúrẹ́ tó dáa ń mú bíi lítà 2 sí 4 wá. Bí ẹ kò bá ní ọmọ màlúù tí yóò mu nínú rẹ̀, tí ẹ kò sì ń ṣe wàràkàṣì, ewúrẹ́ méjì ló bá ilé yín mu. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì bí lásìkò kan náà, nítorí a gbọ́dọ̀ fi ọmú ẹran sílẹ̀ láì fún un fún nǹkan bí oṣù 2 kó tó bímọ. Bí èkíní bá ń sinmi, èkejì á máa bọ́ ilé. Ẹni tó ní màlúù kan ṣoṣo kò ní irú àǹfààní yẹn.

Ìbéèrè: Ọ̀rá kì í léfòó lórí wàrà ewúrẹ́ mi.

Ìdáhùn: Ọ̀rá wà nínú rẹ̀, ó kéré ní hóró ni, kì í tètè gòkè. Bí bọ́tà bá jẹ yín lógún, màlúù ni kí ẹ rà.

Ìbéèrè: Wàrà màlúù kò bá ọmọ mi lára mu. Ṣé ti ewúrẹ́ yóò bá a mu?

Ìdáhùn: Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣúgà inú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ sì ń kọ wàrà màlúù ni ara rẹ̀ ń kọ ti ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ má fi èyíkéyìí rọ́pò ọmú ìyá rẹ̀. Dókítà ni kí ẹ lọ bá.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n se é?

Ìdáhùn: Dandan ni. Ẹ mú un gbóná dé 63°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí ẹ sè é títí yóò fi hó. Ẹran tí ara rẹ̀ ń dán lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ìbéèrè: Wàrà ewúrẹ́ mi ń rùn bí òbúkọ. Mo fẹ́ tà á.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ta ẹran rere nítorí èyí. Ẹ kọ́kọ́ gbé òbúkọ jìnnà sí àwọn abo. Oúnjẹ tó ní òórùn líle, ẹ̀yìn fífún wàrà ni kí ẹ fún wọn. Ẹ pa korobá oníke tó ti họ tì, kí ẹ lo irin tí kì í dógùn-ún. Bí ẹ bá ti sẹ́ wàrà tán, inú omi yìnyín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí. Bí ẹ bá gbé e sínú firíìjì ní gbígbóná, àárín rẹ̀ kì í tètè tutù.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe nígbà tí tèmi ń rùn, òórùn náà kò lọ. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un, ó ń dùn. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti korò. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni pé mo jáwọ́ nínú dída wàrà wọn pọ̀, mo fi ìgò tirẹ̀ fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti ẹyọ kan ṣoṣo ló ń rùn. Apá méjì ni ọmú ewúrẹ́ ní, nítorí náà mo tún ya apá ọ̀tún sọ́tọ̀ kúrò lára òsì. Òsì ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò wú, kò gbóná, wàrà ibẹ̀ kò dì, ẹran sì ń jẹun. Dókítà ẹran gba díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, àrùn ọmú tó fara sin ló bá níbẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀, a ń da wàrà rẹ̀ nù títí iye ọjọ́ tí oògùn náà fi ń wà nínú wàrà fi pé, òórùn sì lọ pátápátá.

Ìbéèrè: Ṣé n kò lè ra oògùn àrùn ọmú náà fúnra mi?

Ìdáhùn: Rárá. Kòkòrò tó ń fà á kì í ṣe oríṣi kan, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, oògùn náà sì ń kù sínú wàrà tí ọmọ yín ń mu. Ọmú tó le tó sì gbóná, tàbí wàrà tó ní ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe dókítà ẹran. Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tí kò lè dìde, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀: ó ṣeé ṣe kí kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú iṣan ara ṣiṣẹ́, ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀ bí a kò bá fà á sí i níṣan.